Ẹni Tó Tẹ Fóòmù Nígbà Mọ́kànlélógójì

Ọmọ Ògbufọ̀ ni gbogbo èèyàn ń pè é níbi iṣẹ́, nítorí pé bàbá rẹ̀ ṣe ògbufọ̀ ní kóòtù fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, obìnrin náà kò sì lè sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó má dárúkọ bàbá náà. Orúkọ yẹn ò bí i nínú rárá. Èèyàn wà láyé yìí tí wọ́n ń pè ní Orí Ìgò, tó sì ń dáhùn. Ti Ọmọ Ògbufọ̀ ṣì dáa.

Yàrá kan ṣoṣo ni ibi iṣẹ́ náà, lókè ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń tún bàtà ṣe. Tí ẹ bá gun àtẹ̀gùn débẹ̀ láàárọ̀, òórùn gọ́ọ̀mù bàtà ni yóò kọ́kọ́ kí yín káàbọ̀, kí ẹ tó rí tábìlì mẹ́ta, kọ̀ǹpútà mẹ́ta, àti fèrèsé kan tó ti kọ̀ láti ṣí láti ọjọ́ tí wọ́n ti kùn ún lọ́dà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bójú tó ìkànnì kan tí èèyàn ti lè kọ́ èdè lọ́fẹ̀ẹ́. Èdè mẹ́rin ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, èdè wa sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Tíṣà ló dá a sílẹ̀, nígbà tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ilé-ìwé tí kò sì mọ ohun tí yóò máa fi ẹnu rẹ̀ ṣe mọ́. Òfin kan péré ni Tíṣà ní: akẹ́kọ̀ọ́ kankan ò gbọdọ̀ sanwó. Ìpolówó ọjà tó ń hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀kọ́ ló ń gbé gbogbo rẹ̀ ró, Ọmọ Ògbufọ̀ ló sì ń pinnu ìpolówó tí yóò hàn, ibi tí yóò jókòó sí, àti irú ẹni tí yóò rí i.

Ẹ má fojú kékeré wo iṣẹ́ yẹn o. Ìpolówó tó bá jìnnà jù, kò sẹ́ni tó máa rí i. Èyí tó bá súnmọ́ jù, á dí akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, onítọ̀hún á sì bínú lọ. Ó tún gbọ́dọ̀ bá ẹni tó ń wò ó mu, nítorí kí lèèyàn fẹ́ fi táyà ọkọ̀ akẹ́rù ṣe nígbà tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn láàárọ̀? Odidi oṣù méjì ni àwọn ìpolówó fi jókòó lásán tí ẹnikẹ́ni ò tẹ̀ wọ́n. Àwọn ọlọ́jà ń kùn, Tíṣà sì ń rìn káàkiri yàrá, ó ń họ àgbọ̀n.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni ọgbọ́n kan sọ sí Ọmọ Ògbufọ̀ lọ́kàn. Bọ́tìnì kan wà nínú ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n kọ GBỌ́ sí. Tí akẹ́kọ̀ọ́ bá tẹ̀ ẹ́, yóò gbọ́ ohùn ẹni tó ń sọ gbólóhùn náà, òun náà yóò sì tún un sọ. Kò sí bí èèyàn ṣe lè parí ẹ̀kọ́ kan láìtẹ GBỌ́ ní ogún ìgbà. Ọmọ Ògbufọ̀ wò ó pé ibi tí ojú gbogbo èèyàn ń lọ, ibẹ̀ ló yẹ kí ọjà wà. Ó gbé ìpolówó fóòmù, fóòmù tí wọ́n ń sùn lé, ó fi í sí apá òsì GBỌ́, ó sún un mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, iye ìgbà tí wọ́n tẹ ìpolówó ti di ìlọ́po mẹ́ta.

Tíṣà fúnra rẹ̀ ló sọ̀kalẹ̀ lọ ra míńrà wá fún gbogbo wọn, ó sì pe alátùn-únṣe bàtà náà sókè kó wá mu tiẹ̀.

"Ọmọ Ògbufọ̀," ni Tíṣà wí, "o ti yọ wá nínú ọ̀fìn. Èmi ò mọ̀ pé àwọn tó ń kọ́ èdè fẹ́ràn oorun tó báyìí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Inú Ọmọ Ògbufọ̀ dùn, àmọ́ ayọ̀ náà ò wọ̀ ọ́ lára tán, nítorí ohun tó wà nílé.

Oṣù mẹ́rin ṣáájú ìgbà yẹn ni rọpárọsẹ̀ kọlu Bàbá. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ti ń gbérí díẹ̀díẹ̀, ó ń fi ọ̀pá rìn dé ẹnu ọ̀nà. Ọwọ́ ọ̀tún ò tíì dáhùn. Èyí tó dun gbogbo wọn jù ni ẹnu. Ọkùnrin tó máa ń dúró láàárín adájọ́ àti ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́, tí èdè mẹ́ta ń yí lẹ́nu rẹ̀, tí kò sì sẹ́ni tó fẹ̀sùn kàn án rí pé ó yí ọ̀rọ̀ po, ọkùnrin náà ni yóò wo ife omi báyìí tí kò ní rí orúkọ rẹ̀ pè. Ohun gbogbo tí wọ́n bá sọ ló ń yé e. Tí wọ́n bá ṣàwàdà, ó ń rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ kó ti rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kì í jáde, àfi kó máa la ẹnu kó máa pa á dé.

Obìnrin kan ń wá sílé ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun láti bá a ṣe ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ. Àǹtí Ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń pè é. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá, ó mú Ọmọ Ògbufọ̀ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin jókòó.

"Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ yìí ni kí ẹ mú lójú méjèèjì," ló wí fún wọn. "Ìgbà yìí ló máa ń yá ọ̀rọ̀ lára jù láti padà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sọ nǹkan lójoojúmọ́, ì báà jẹ́ ọ̀rọ̀ kan. Ọjọ́ tí ẹ bá rí i pé wọ́n pa ẹnu mọ́ pátápátá, ẹ tètè pè mí."

Ọ̀dọ̀ Ẹ̀gbọ́n ni Bàbá ń gbé. Aránṣọ ni Ẹ̀gbọ́n, inú ilé ló ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ a sì máa pariwo láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Ọjọ́ ìsinmi ni Ọmọ Ògbufọ̀ máa ń lọ síbẹ̀. Fún bí oṣù kan ni ìròyìn ayọ̀ ti ń wọlé láti ibẹ̀ lórí fóònù.

"Bàbá ní àwọn fẹ́ omi tútù lónìí," ni Ẹ̀gbọ́n wí lọ́jọ́ kan. "Wọ́n pè é ketekete."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún pè. "Wọ́n bi mí níbo ni ilẹ̀kùn wà."

"Ilẹ̀kùn wo?"

"Ilẹ̀kùn yàrá. Wọ́n sì fẹ̀yìn tì í."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Wọ́n ń yin Àǹtí Ọ̀rọ̀ fún iṣẹ́ rere. Kò sí èyí tó bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí ọkùnrin tó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn yóò fi máa wá ilẹ̀kùn.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta tí fóòmù ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ GBỌ́, Onífóòmù fúnra rẹ̀ gun àtẹ̀gùn wá. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ó sanra, ó sì mí fún ìgbà díẹ̀ kó tó lè sọ̀rọ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́," ló wí. "Èmi ò bá tìjà wá. Àwọn èèyàn ń tẹ ìpolówó mi, mo rí i. Àmọ́ wọ́n ń wọlé, wọ́n ń jáde ni. Ẹnì kankan ò bi mí pé fóòmù yìí ti fẹ̀ tó. Ó dà bí ìgbà téèyàn ṣí ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn, tó ní ẹ jọ̀wọ́, mo ṣì í."

Òótọ́ ọ̀rọ̀ rèé, ó bọ́ sílẹ̀ sáàárín tábìlì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọmọ Ògbufọ̀ ò gbé e. Ohun tó sọ sí i lọ́kàn ni pé oníjìbìtì kan ti wọ àárín wọn. Nínú iṣẹ́ yẹn, irú wọn wà lóòótọ́: àwọn tí ń jókòó tẹ ìpolówó ṣáá láti fi dààmú ọlọ́jà. Ó fi Onífóòmù lọ́kàn balẹ̀, ó sìn ín dé orí àtẹ̀gùn, ó padà sídìí kọ̀ǹpútà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo àkọsílẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ ò ní orúkọ níbẹ̀, nọ́ńbà ni wọ́n ń jẹ́. Kò pẹ́ tó fi rí ọ̀daràn rẹ̀. Ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 7714 ti tẹ fóòmù nígbà mọ́kànlélógójì láàárín ọjọ́ méje. Gbogbo ìgbà tó bá tẹ̀ ẹ́, kó tó ṣẹ́jú pẹ́ẹ́ ó ti jáde.

"Fóòmù mọ́kànlélógójì," ni Ọmọ Ògbufọ̀ wí fún Tíṣà. "Ṣé ilé-ìwòsàn lẹni yìí fẹ́ ṣí ni?"

"Tì í mọ́ta," ni Tíṣà dáhùn láìgbójú sókè.

Nǹkan mìíràn wà nínú àkọsílẹ̀ náà. Láago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni 7714 máa ń wọlé, lójoojúmọ́, láìyẹ̀. Ó ti tẹ GBỌ́ ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ìgbà. Gbólóhùn kan wà nínú ẹ̀kọ́ kejìlá tó ti gbọ́ ní ìgbà ọgbọ̀n, ní àárọ̀ ẹyọ kan. Ó yẹ kí Ọmọ Ògbufọ̀ bi ara rẹ̀ pé oníjìbìtì wo ni yóò máa gbọ́ gbólóhùn kan náà ní ìgbà ọgbọ̀n. Ó yẹ kó tilẹ̀ ṣí ẹ̀kọ́ náà wo, kó mọ gbólóhùn wo ni. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Inú ń bí i, orí rẹ̀ sì tún wú pẹ̀lú, nítorí pé òun ló mú olè náà.

Wọ́n ní ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ kan tí wọ́n máa ń fi síwájú ẹni tí wọ́n bá tì mọ́ta. Ọmọ Ògbufọ̀ kà á, ó ní ó ti rọ̀ jù. Ó pa á rẹ́, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ òmíràn: "A ti rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Ibi ẹ̀kọ́ nibí, kì í ṣe ibi jìbìtì. Wá ibòmíràn lọ tí wàá ti máa tan èèyàn jẹ." Kò tilẹ̀ fi "ẹ̀yin" pe onítọ̀hún. Ó tẹ bọ́tìnì, ó ti 7714 mọ́ta, ó sì lọ jẹun ọ̀sán rẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, Ẹ̀gbọ́n pè é níbi iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n kì í pè é níbi iṣẹ́.

"Bàbá ti pa ẹnu mọ́," ló wí. "Láti Ọjọ́bọ̀. Mo rò pé ó rẹ̀ wọ́n ni, mo ní kí n má dà ẹ́ láàmú lọ́jọ́ ìsinmi nígbà tó o ní o ò ráyè wá. Àǹtí Ọ̀rọ̀ wá lónìí. Ó gbé ife sókè, ó ní kí wọ́n pe orúkọ rẹ̀, wọ́n kọjú sí ògiri. Àǹtí Ọ̀rọ̀ ní ọkàn òun ò balẹ̀ sí i. Ó ní tí wọ́n bá ń bá a lọ báyìí, èyí tó ti padà gan-an lè tún lọ."

Ọmọ Ògbufọ̀ dìde. Ó tọrọ àyè lọ́wọ́ Tíṣà, ó sì jáde lọ́sàn-án gangan.

Nígbà tó débẹ̀, Ẹ̀gbọ́n ti dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró, ilé sì dákẹ́ jẹ́ẹ́. Bàbá jókòó létí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, lórí fóòmù àtijọ́ kan tó ti jìn wọlẹ̀ láàárín. Ọwọ́ ọ̀tún wà lórí itan rẹ̀, ọwọ́ òsì wà lórí ọ̀pá.

"Ẹ kú ìrọ́jú, Bàbá," ni Ọmọ Ògbufọ̀ wí.

Bàbá wò ó, ó mi orí, ó sì wo ìta lójú fèrèsé. Kò tilẹ̀ la ẹnu láti gbìyànjú. Ohun tó dun Ọmọ Ògbufọ̀ jù nìyẹn.

"Kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́bọ̀ náà?" ló bi Ẹ̀gbọ́n.

"Kò sí nǹkan kan. Wọ́n ń gbọ́ ìròyìn wọn lórí tábúlẹ́ẹ̀tì wọn bí wọ́n ṣe máa ń ṣe láràárọ̀, nǹkan etí rẹ̀ wà létí wọn. Nígbà tó yá mo rí i pé wọ́n yọ nǹkan etí, wọ́n dojú tábúlẹ́ẹ̀tì dé orí ìrọ̀rí. Wọn ò fọwọ́ kàn án mọ́ látìgbà náà. Mo rò pé ìròyìn burúkú ni wọ́n gbọ́."

Tábúlẹ́ẹ̀tì náà ṣì wà lórí ìrọ̀rí. Ọmọ Ògbufọ̀ gbé e, ó yí i padà, ó tàn án. Ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀, bó ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́. A ti rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n kọ nọ́ńbà: 7714.

Ẹ̀gbọ́n ti yọjú láti ẹ̀yìn èjìká rẹ̀, ó kà á tán.

"Ta ló kọ irú ọ̀rọ̀kọ́rọ̀ yìí sí Bàbá?" ló bi í. "Ọmọ ta ni, tí wọn ò kọ́ nílé?"

Ọmọ Ògbufọ̀ ò rí ọ̀rọ̀ kankan sọ. Ó wá di ẹni méjì nínú ìdílé náà tí ọ̀rọ̀ ò jáde lẹ́nu wọn. Nígbà tó yá ló wí pé, "Àṣìṣe ni. Láti ibi iṣẹ́ wa ni." Ó mú fóònù ara rẹ̀, ó wọ inú iṣẹ́ láti orí rẹ̀, ó sì ṣí 7714 sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó padà sórí tábúlẹ́ẹ̀tì, ó ṣí ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀kọ́ tí Bàbá ti parí, ó tẹ GBỌ́. Nǹkan etí ti yọ, nítorí náà ohùn náà jáde sínú yàrá, ohùn obìnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, tó ń fi sùúrù pe ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan: "Ẹ jọ̀wọ́, níbo ni ilẹ̀kùn wà?"

Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ bo ẹnu. "Ohùn rẹ rèé," ló wí.

Ohùn rẹ̀ ni lóòótọ́. Ọdún méje sẹ́yìn, nígbà tí Tíṣà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á síṣẹ́ tí wọn ò sì ní ẹlòmíràn, òun ló ka gbogbo ẹ̀kọ́ èdè wa, ọgọ́ta ẹ̀kọ́, nínú yàrá tí wọ́n fi aṣọ bo fèrèsé rẹ̀. Ó ti gbàgbé. Bàbá ò gbàgbé. Òun tó fi èdè mẹ́ta jẹun lọ́dún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ti ń jókòó láàárọ̀ láàárọ̀, lábẹ́ ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ, tó ń kọ́ èdè ìyá rẹ̀ láti ẹ̀kọ́ kìíní, lẹ́nu ọmọ tó bí.

"Bàbá, ó ti ṣí," ni Ọmọ Ògbufọ̀ wí. Ó gbé e fún un.

Bàbá fi ẹ̀yìn ọwọ́ òsì tì í kúrò. Ó rọra tì í ni, kò fi ìbínú ṣe é. Bó ṣe ń tì í ni àtàǹpàkò rẹ̀ tó ń gbọ̀n kọjá lójú rẹ̀, ó sì kan fóòmù. Ìpolówó náà ṣí gbàgà. Ọmọ Ògbufọ̀ rí i pẹ̀lú ojú ara rẹ̀. Apá ọ̀tún ni GBỌ́ wà, apá òsì ni fóòmù wà. Ẹni tó bá ń fi ọwọ́ òsì nawọ́ sí GBỌ́ kò ní ṣàìgba orí fóòmù kọjá.

Kò lè sọ fún un lọ́jọ́ náà pé òun ni. Ẹnu rẹ̀ ò gbà á. Ó kí wọn pé ó dàbọ̀, ó sì lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti dé ibi iṣẹ́ kí Tíṣà tó dé. Ó ní kí Tíṣà fi ọwọ́ òsì nìkan ṣe ẹ̀kọ́ kan lórí fóònù. Tíṣà ní irú eré wo nìyí, àmọ́ ó ṣe é. Nínú ìgbà mẹ́wàá tó nawọ́ sí GBỌ́, ó tẹ fóòmù lẹ́ẹ̀mẹrin. Ọmọ Ògbufọ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ pe alátùn-únṣe bàtà. Àtàǹpàkò tiẹ̀ tóbi, ó lo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó yá dáadáa, síbẹ̀ ó tẹ fóòmù lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì ń bẹ̀bẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá tẹ̀ ẹ́.

"Kò sẹ́ni tó fẹ́ fóòmù, Tíṣà," ni Ọmọ Ògbufọ̀ wí. "GBỌ́ ni wọ́n ń wá. Èmi ni mo gbé fóòmù dí wọn lọ́nà. 7714 tí mo tì mọ́ta, bàbá mi ni. Ìlọ́po mẹ́ta tí ẹ yìn mí sí, ọwọ́ tó ń ṣèèṣì ni."

Tíṣà jókòó. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú.

"Míńrà tí a mu ńkọ́?" ló bi í.

"A ti mu ún tán."

"Ó dáa. A ò lè pọ̀ ọ́ mọ́." Tíṣà yíjú sí i. "Bàbá rẹ ń kọ́ ẹ̀kọ́ níbí tí o ò mọ̀?"

"Mi ò mọ̀."

"Nítorí irú wọn ni mo ṣe dá ibí sílẹ̀," ni Tíṣà wí. "Gbé nǹkan yẹn kúrò níbẹ̀."

Gbogbo ọjọ́ náà ni Ọmọ Ògbufọ̀ fi ṣe é. Ó gbé gbogbo ìpolówó kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tìnì, ó kó wọn lọ sí ìparí ẹ̀kọ́, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń sinmi tí ọwọ́ rẹ̀ ò sì wá nǹkan kan. Ó mú fóòmù lọ sí ẹ̀yìn ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ orúkọ nǹkan inú yàrá, bẹ́ẹ̀dì, ìrọ̀rí, oorun, kí ó lè bá ẹni tó ti ń ronú nípa yàrá pàdé. Ó pa ọ̀rọ̀ ẹ̀gbin rẹ̀ rẹ́, ó sì kọ tuntun: "Ó jọ pé ọwọ́ yín ń ṣèèṣì kan ìpolówó. Ṣé kí a gbé e kúrò lọ́nà fún yín?" Lẹ́yìn náà ló pe Onífóòmù, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìfi nǹkan kan pa mọ́.

"Mo kúkú sọ fún yín pé wọ́n ṣì í ni," ni Onífóòmù wí, kò sì bínú. "Bẹ́ẹ̀dì tí bàbá yín ń sùn lé, báwo ló ṣe rí?"

"Ó ti jìn wọlẹ̀ láàárín," ni Ọmọ Ògbufọ̀ dáhùn. Ìgbà tó sọ ọ́ tán ló tó rí i pé nínú gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tí ìkànnì náà ní, ẹni tó nílò fóòmù jù lọ ni 7714.

Ní ọjọ́ méjì tó tẹ̀ lé e, èèyàn mẹ́sàn-án péré ló tẹ fóòmù ní àyè rẹ̀ tuntun. Mẹ́rin nínú wọn béèrè bó ṣe fẹ̀ tó. Tíṣà ní ohun tó ń jẹ́ ìpolówó nìyẹn, kò sì ra míńrà. Àmọ́ 7714 ò wọlé. Aago mẹ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kọjá, ti ọjọ́ Ẹtì náà kọjá, Ọmọ Ògbufọ̀ jókòó ti àkọsílẹ̀, ó ń wo àyè òfìfo. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù nínú oṣù mẹ́fà Àǹtí Ọ̀rọ̀. Ó mọ̀ pé bọ́tìnì tí òun tún ṣe kò tíì tún ohun tí òun bà jẹ́ ṣe.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó lọ sílé Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ti gbé fóòmù tuntun dé láti ọ̀dọ̀ Onífóòmù, Bàbá sì jókòó lórí rẹ̀, ó ga sí i díẹ̀. Ọmọ Ògbufọ̀ fa àpótí kan, ó jókòó níwájú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wà lẹ́nu ọ̀nà, aṣọ tó ń rán lọ́wọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ máa bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ, ó sì tọ́ kí ẹ bínú," ló wí. "Ọ̀rọ̀ tó wà nínú tábúlẹ́ẹ̀tì yẹn, èmi ni mo kọ ọ́. Èmi ni mo pè yín ní oníjìbìtì. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Àmọ́ ì báà jẹ́ ọmọ ta ni, kò yẹ kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ dárí jì mí."

Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n.

Bàbá mi orí, ó rọra mi ín. Ó mọ̀. Láti Ọjọ́bọ̀ tó kọ́kọ́ kà á ló ti mọ̀. Ó mọ irú iṣẹ́ tí ọmọ rẹ̀ ń ṣe, ó sì mọ bó ṣe ń kọ̀wé, torí òun ló kọ́ ọ. Gbogbo ọjọ́ tó fi kọjú sí ògiri, ọmọ rẹ̀ ló mọ̀ pé ó ti òun mọ́ta.

Omijé bọ́ lójú Ọmọ Ògbufọ̀, kò sì nù ún. "Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi pé ẹ ń kọ́ ọ?" ló bi í. "Ǹ bá ti wá máa kà á fún yín lójúkojú."

Bàbá la ẹnu. Ó pa á dé. Ó tún là á. Àgbọ̀n rẹ̀ ń gbọ̀n, ọwọ́ òsì rẹ̀ di ọ̀pá mú gírígírí, kò sì sẹ́ni tó bá a sọ ọ́ nínú àwọn ọmọ méjèèjì, wọ́n dúró dè é.

"Ì," ló wí. "Ì... tì... Ìtìjú."

Ọmọ Ògbufọ̀ ka gbogbo ẹ̀kọ́ ọgọ́ta náà nínú ọkàn rẹ̀, ìkíni, oúnjẹ, ọ̀nà, ilé, ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ò sí nínú èyíkéyìí. Òun ò pè é fún un rí. Inú Bàbá fúnra rẹ̀ ló ti wá.

"Ìtìjú tiyín ti parí lónìí, Bàbá," ló wí. "Èyí tó kù, tèmi ni."

Bàbá wò ó. Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ òsì tọ́ka sí orí ìrọ̀rí. Ẹ̀gbọ́n sáré gbé tábúlẹ́ẹ̀tì fún un, ó gbé e lé orí itan rẹ̀. Kò wá nǹkan etí. Ó wá ẹ̀kọ́ kejìlá, ó wá gbólóhùn tó ti gbọ́ ní ìgbà ọgbọ̀n níbẹ̀, àtàǹpàkò rẹ̀ sì gbọ̀n kọjá lójú rẹ̀ láti òsì lọ sí ọ̀tún. Kò sí nǹkan kan lọ́nà. Ó tẹ GBỌ́.

Ohùn ọmọ rẹ̀ ti ọdún méje sẹ́yìn jáde, ó ń pe ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú sùúrù: "Ẹni yìí ni ọmọ mi."

Bàbá gbójú kúrò lára tábúlẹ́ẹ̀tì, ó yíjú sí Ọmọ Ògbufọ̀, ó sì tún un sọ.